Bí a ṣe ń yan ìwọ̀n ooru tó tọ́ fún yàrá nígbà ọyẹ́, kí a tó fọwọ́ kan iná

Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá sí Jos lóṣù Kejìlá kọ́kọ́ máa ń rẹ́rìn-ín. "Òtútù wo ló wà ní Nàìjíríà?" Tó bá di aago mẹ́rin ìdájí, ẹ̀rín tán. Orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú wa wà, nǹkan bí 1,200 mítà sókè ju òkun lọ, ọyẹ́ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá láti apá aṣálẹ̀. Kí témómítà ìta fi 12 tàbí 11 hàn láàárọ̀ oṣù Kìíní, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ṣòwò ní Jos láti ayé bàbá àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Èmi tí wọ́n bí sáàárín wọn náà mọ̀ ọ́n. Ti Abuja kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Kaduna, Kano tàbí orí òkè Mambilla lè bá mi kà á.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé iná ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá. Òtútù á mú wọn lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á sáré lọ sí ọjà Terminus lọ ra hítà, wọ́n á gbé e síwájú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á yí i dé òpin. Wọn kò mọ iye tí yàrá jẹ́ kí wọ́n tó tan án, wọn kò sì mọ iye tó yẹ kó dé kí wọ́n tó pa á. Ẹ kọ́kọ́ wọn yàrá, ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ dí ilé. Iná ló kẹ́yìn.

Wíwọn yàrá

Ẹ ra témómítà yàrá. Èyí tó dà bí aago orí tábìlì, tó ń fi ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ hàn pa pọ̀, ni mo fẹ́ràn. Ẹ má fi nọ́ńbà ojú fóònù ṣe é o. Ojú ọjọ́ ìta ni fóònù ń sọ, kò mọ yàrá yín. Èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sí abíyá kò sì lè ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ kọ́ ara ògiri, ó ní wọ́n ta ayédèrú fún òun torí "Lo" (ìyẹn "ó lọ sílẹ̀ jù" lédè Gẹ̀ẹ́sì) nìkan ló ń kọ. Ara ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó bá tutù tó ògiri Jos kò sí nínú ìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ gbé e sí ibi tí orí yín máa ń wà tí ẹ bá sùn. Kó jìnnà sí fèrèsé, kó má fara ti ògiri ìta, kó má kọjú sí hítà. Ẹ kà á nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ tún kà á ní aago márùn-ún ìdájí. Òru mẹ́ta ti tó. Yàrá tèmi máa ń jẹ́ 19 lálẹ́, 15 ní ìdájí, ti ìdájí yẹn sì ni mò ń bá jà.

Nọ́ńbà wo ni?

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lórí ilé gbígbé ní 2018, 18 dígírì ni wọ́n mú pé kí inú ilé má lọ sílẹ̀ jù lásìkò òtútù ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, wọ́n sì ní àwọn aláìlera lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jos kì í ṣe London, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò mọ orúkọ ìlú. Nílé mi, 20 ni pálọ̀ nígbà tí a bá jókòó lálẹ́, 18 ni yàrá tí a ń sùn lábẹ́ kúbùsù. Ìyàwó mi ti bẹ̀bẹ̀ fún 23 títí; ìbọ̀sẹ̀ onírun ni mo rà fún un.

Ẹni tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ yí nọ́ńbà yẹn padà ni ẹni tí òtútù lè ṣe léṣe, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo jù. Òtútù máa ń mú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ru sókè, nítorí náà 21 ni mo fi yàrá màmá mi sí. Ẹni tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù wà lára ohun tó ń jí ìrora rẹ̀ dìde. Kí ẹ má bá a jiyàn, ohun tó bá tù ú lára ni nọ́ńbà yàrá yẹn.

Ọmọ ọwọ́ ni àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe àṣejù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń sọ fún òbí pé kí yàrá tí ọmọ ń sùn wà láàárín 16 sí 20, torí ooru àpọ̀jù léwu fún ọmọ tó ń sùn. Ẹ wá wo ọmọ ọ̀hún lọ́dọ̀ wa: fìlà méjì, súwẹ́tà, kúbùsù mẹ́ta, hítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ọmọ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, ọwọ́ ọmọ sábà máa ń tutù. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Tó bá ń làágùn, ẹ bọ́ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, ohun tí dókítà bá wí ni kí ẹ ṣe, ẹ pa tèmi tì.

Dídí ilé

Èyí kò le. Ẹ ṣí aṣọ fèrèsé tí oòrùn bá ti mú kí ògiri lè yá oòrùn, kí ẹ sì ti gbogbo rẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ lọ́ aṣọ àgbà sábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí fèrèsé yín bá jẹ́ lúfà, ẹ gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín gíláàsì. Ẹni tí kò bá rí fóòmù lè lo ìwé ìròyìn. Kúbùsù tí a fi kọ́ ojú fèrèsé sàn ju aṣọ fèrèsé olówó ńlá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ mú móoru, kì í ṣe gbogbo ilé. Dídí nìkan gbé yàrá mi láti 15 dé 17 ní ìdájí, láìná kọ́bọ̀ lórí iná. Àwọn Hausa tó ń fi amọ̀ mọ ògiri nínípọn láyé àtijọ́ kò gọ̀: ògiri yẹn ń tọ́jú ooru ọ̀sán di òru. Búlọ́ọ̀kù tiwa kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Hítà

Èyí tí epo wà nínú rẹ̀, tó dúró bí egungun ìhà, ni kí ẹ rà bí agbára bá ká a. Kì í yá, ṣùgbọ́n ó ń mú yàrá móoru láìsí irin pupa tí aṣọ lè kàn. Nọ́ńbà 1 sí 6 ara bọ́tìnì rẹ̀ kì í ṣe dígírì, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ẹ yí i dé òpin, ẹ dúró kí témómítà yín dé 18, kí ẹ wá máa yí bọ́tìnì padà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "káá" tí yóò pa ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀. Mo fi ọ̀dà èékánná ìyàwó mi sàmì síbẹ̀, n kò sì wá a mọ́ láti ọdún yẹn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n. Hítà 2,000 wáàtì ń fa iná tó sún mọ́ 9 áńpù, wáyà ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú kò lè gbé e pẹ́. Mo ti rí èyí tó yọ́ mọ́ rọ́ọ̀gì. Ẹ má sì gbé e lé ìnfátà kékeré lórí. Ti owó ńkọ́? Wákàtí mẹ́rin lórí 2,000 wáàtì jẹ́ yúníìtì 8, bí hítà kò bá pa ara rẹ̀ rárá. Ní náírà 225 tí wọ́n gbé yúníìtì Band A (àwọn tó ń rí iná jù lójúmọ́) dé lóṣù Kẹrin 2024, náírà 1,800 nìyẹn lóru kan. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ dí ilé nìyẹn.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ amúlétutù àwọn lè mú ilé móoru torí pé àwòrán oòrùn wà lára rìmóòtù. Àwòrán kò tó ẹ̀rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n tutù lọ.

Èédú: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí

Iná yóò lọ. Ẹ ó rí kasko èédú (abọ́ tí a ń dáná èédú sínú rẹ̀) tí aládùúgbò ń yá níwájú ilé, ẹ̀yin náà ó sì rò ó pé bí a bá gbé e wọlé fún wákàtí kan, kí ni yóò ṣe?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan nínú kọ́ńpáǹdì wa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe aláìlóye. Ìta ni wọ́n ti dáná sí i, wọ́n fẹ́ ẹ títí èéfín fi tán, tó ku ẹyin iná pupa ròrò. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máa kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ìyá ń bì, orí ń fọ́ bàbá, àwọn ọmọ méjèèjì ń sùn bí ẹni mu ọtí. Wọ́n ti mu parasitamọ́ọ̀lù, wọ́n ní ọyẹ́ ni. A gbé gbogbo wọn síta, a gbé wọn lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run sì yọ wọ́n.

Ohun tó tàn wọ́n jẹ nìyí: wọ́n rò pé èéfín ni ewu. Èéfín ni ẹ̀ ń rí, òun ló ń mú yín wúkọ́ kí ẹ lè sá. Èyí tó ń pani ni afẹ́fẹ́ carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹyin iná tó pupa tí kò rú èéfín rárá sì ń tú u jáde. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí ààyè gbé afẹ́fẹ́ gidi kiri ara. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ̀ kó tó bá a.

Mo mọ gbogbo àwáwí tí ẹ ó wí. Abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kasko kò gbà á mu. Omi kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Ẹ̀là lúfà kan tí ẹ ṣí sílẹ̀ kò tó. Pé ìyá yín àgbà ṣe é lábúlé tí kò kú? Òrùlé koríko ni tiwọn, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin ti fi fóòmù dí gbogbo ojú ihò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe. Ilé tí a dí àti èédú kì í gbé pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítóòfù kẹrosíìnì tí a fi ń yáná, gáàsì ìdáná tí a tàn sílẹ̀ torí òtútù, àti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí bàràńdà lábẹ́ fèrèsé.

Ìta ni kí ẹ ti yáná. Ẹ jókòó yí kasko ká, ẹ sun àgbàdo, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ẹ bomi pa á kí ẹ tó wọlé. Ẹ má gbé e wọlé nítorí pé ó ti ń kú lọ. Èyí tó ń kú lọ náà ṣì ń tú afẹ́fẹ́ yẹn jáde.

Àmì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí èébì ń gbé wọn, tí ara sì ń fúyẹ́ tí wọ́n bá jáde, ibà kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé gbogbo ènìyàn síta, ọmọdé ṣáájú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èédú wà nínú yàrá. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí afẹ́fẹ́ yìí bá wọlé wà lọ́jà, ó ń lo bátìrì. Mo ní kan, èédú kò sì wọ ilé mi rí síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn

Rọ́bà omi gbígbóná ni mo fi ń rọ́pò èédú. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa hó. Ẹ rọ ọ́ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó dé e, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ tì í sábẹ́ kúbùsù níbi ẹsẹ̀. Bí ọmọdé bá fẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, ẹ yọ ọ́ kí ọmọ tó gun ibẹ̀. Ẹ má fi ike omi lásán ṣe é, yóò sún kì, yóò sì jò sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọyẹ́ gbẹ, hítà á tún mú un gbẹ sí i. Táwẹ́ẹ̀lì tútù tí ẹ sá sórí àga, tó jìnnà sí hítà, ti tó. Òrí ni kí ẹ fi pa imú àti ètè.

Hítà mi máa ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ dé aago mẹ́wàá, mo sì ń pa á kí n tó sùn. Bí iná bá lọ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ dìde kí ẹ pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná lè padà dé ní aago mẹ́ta òru nígbà tí gbogbo yín ti sùn, tí kúbùsù ẹnì kan sì ti já bọ́ sórí rẹ̀.