Bí a ṣe ń kọ́ àdúgbò láti dènà àrùn onígbáméjì

Àwọn tó mọ̀ pé omi ìdọ̀tí ló ń fa onígbáméjì pọ̀ ju àwọn tó lè fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú kẹ́ẹ̀gì omi kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ìyálọ́jà tàbí ìjọ, kó má gbé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lọ. Kó gbé kẹ́ẹ̀gì, ṣíbí, iyọ̀ àti ṣúgà dání.

Wọ́n ti ṣe é rí ní Bangladesh. Láti 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin lọ láti ilé dé ilé, ó lé ní mílíọ̀nù 12 agbo ilé, kí wọ́n lè kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti adùn fún ẹni tó ń ṣu gbuuru. Wọn kì í san owó òṣìṣẹ́ nítorí iye ilé tó dé. Bí nǹkan bí oṣù kan bá ti kọjá, ẹlòmíràn á padà lọ bá díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà, á ní kí wọ́n po ó lójú òun. Ohun tí àwọn ìyá bá rántí, tí wọ́n sì ṣe dáadáa, ni owó òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ọ̀nà yẹn ni à ń tẹ̀ lé níbí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá

Ní 1854, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn ará Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà John Snow lọ káàkiri ilé, ó ń béèrè ibi tí àwọn tó kú ti ń pọn omi. Ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Ní àkókò yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń rùn ni púpọ̀ nínú àwọn dókítà ń dá lẹ́bi.

Kí ẹ̀yin náà mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo kànga, ẹ̀rọ omi àti àwọn tó ń fi ọmọlanke ta omi sílẹ̀. Ẹ kọ ṣáláńgá náà. Ó yẹ kí ó tó 30 mítà láàárín kànga àti ṣáláńgá. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra, èyí kì í ṣeé ṣe, torí náà ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa tọ́jú omi kànga bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀ kì í ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ ó lè máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde fún ọjọ́ 1 sí 10. “Kò sí aláìsàn nílé wa” kò tó láti fọkàn balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tọ́jú omi lójú wọn

Ọ̀pọ̀ ló ń fi álọ́ọ̀mù sómi, tí wọ́n á sì mu ún. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fọkàn tán an láti pa kòkòrò. Omi tó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ti tó. Níbi tí gáàsì bá ti wọ́n, ẹ lo bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, èyí tí kò ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ nínú.

Ẹ wo ara ike rẹ̀. Bí agbára bílíìṣì tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ 3.5%, ẹ̀kán 3 ni fún lítà omi 1. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 gba mílílítà 3, lítà 25 sì gba díẹ̀ dín ní 4. Síríńjì mílílítà 5 tó mọ́ ló dára jù láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 6%, ẹ̀kán 2 ti tó fún lítà kan. Omi tó bá rú, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá ṣe bílíìṣì ní ìlọ́po méjì. Ẹ mi kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ dé e, ẹ dúró ìṣẹ́jú 30.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, kí olúkúlùkù gbé imú sí i. Òórùn bílíìṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, ẹ tún fi iye kan náà sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15. Bílíìṣì tó bá ti pẹ́ tàbí tó ń jókòó sóòrùn máa ń sọ agbára nù. Ìdí tí òórùn kì í fi í sí nìyẹn nígbà mìíràn. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró sì sàn ju báàfù àti àmù lọ, torí ọwọ́ tó ń ti ife bọ omi lè dá kòkòrò padà sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Omi iyọ̀ àti ṣúgà

Ọ̀rá pure water 50cl méjì jẹ́ lítà 1. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú: ibí yìí ni àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ ló ń bu ṣíbí ní gegele. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lè fa gìrì fún ọmọdé, ṣúgà tó pọ̀ jù á sì mú kí ìgbẹ́ gbuuru náà pọ̀ sí i. Ẹ tọ́ ọ wò kí aláìsàn tó mu ún. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dà á nù, ẹ tún òmíràn po.

Ẹ ṣàlàyé ìdí tí a fi ń pa méjèèjì pọ̀. Ṣúgà ló ń mú iyọ̀ gba ara ìfun wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í ti ọ̀nà yìí pa, àní nígbà tí omi bá ń tú jáde lára aláìsàn. Omi lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀ sínú ọ̀rá, bá wà, òun ló dára jù. Ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ má ṣe dá a méjì. Ẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 100 sí 200, kí àgbàlagbà mu ún bó bá ti lè mu tó. Bí ó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró. Èyí tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Omi yìí kò gba ipò ilé ìwòsàn. Ìgbẹ́ tó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ojú tó jìn wọnú, awọ tí a fi ìka méjì fà tí kò tètè padà, àìtọ̀: ẹ gbé onítọ̀hún lọ kíákíá, ẹ máa fún un mu lójú ọ̀nà. Onígbáméjì tó le lè pa géńdé láàárín wákàtí díẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn, sórí 6232.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọwọ́ àti oúnjẹ

Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn ìgbẹ́, lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ, kí a tó kan oúnjẹ. Kí a jẹ oúnjẹ ní gbígbóná. Àwọn tó ń ta zobo, kunu àti yìnyín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ní ìtọ́jú omi, torí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni omi wọn ń bọ́ sí lójúmọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ padà lọ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà sí díẹ̀ nínú àwọn ilé náà. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n rántí, “a rántí” ni gbogbo ènìyàn máa sọ. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa po ó ká rí i.” Ẹ wo ṣíbí, ẹ wo ìwọ̀n omi, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ pe bàbá ilé náà mọ́ ọn, torí BRAC rí i pé bí ọkùnrin kò bá gbà á gbọ́, omi náà kì í dé ẹnu ọmọ. Bí ẹ bá rí àṣìṣe kan náà nílé mẹ́ta, ẹ̀kọ́ yín ni kí ẹ tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ti ṣíbí tó kún jù, ẹ kó ṣíbí àti ọ̀bẹ dání nígbà tó ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gé orí tirẹ̀ lójú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.