Tí trout ńlá bá gbé ìwọ̀ yín: ẹ gbé e lọ sílé ni, àbí ẹ dá a padà sódò?

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yìí, kì í ṣe àwọn òyìnbó tá a jọ ń pẹja. Mo fi fọ́tò brown trout kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp láti ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà níbí, ẹja ínṣì 23. Trout jẹ́ ẹja omi tútù, oríṣiríṣi ló sì wà. Wọ́n ní ó mà tóbi o, ṣé mo ti yan án. Mo ní rárá mà, mo ti dá a padà sódò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé ò ń bá ẹja ṣeré ni? Tóò bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí lo gún un lẹ́nu fún?" Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, owó ẹja ni wọ́n fi rán wa níléèwé, mi ò rí nǹkan gidi sọ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mi ò sì sọ fún wọn ni pé ẹja yẹn ti kú. Odò Au Sable ló ti ṣẹlẹ̀, nítòsí ìlú Grayling, ìparí oṣù kẹfà, ìgbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Hex máa ń fò jáde lóru tí àwọn brown trout àgbà á wá jáde wá jẹ ẹ́. Apá odò tí wọ́n ń pè ní Holy Waters la wà, níbẹ̀ ẹ ò gbọdọ̀ gbé trout kankan lọ sílé. Mo gbé ẹja yẹn dání, ọ̀rẹ́ mi ń wá bó ṣe máa tan iná fóònù ẹ̀, ó yà á, ó ní ojú mi ò hàn, ó tún un yà, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀ ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, inú mi dùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí i nísàlẹ̀ odò, ikùn funfun lókè. Mi ò jẹ ẹ́, mi ò sì jẹ́ kó yè.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ pinnu kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tí ẹja ńlá bá ti wà lọ́wọ́ yín tí àyà yín ń já, ẹ ò ní lè ronú mọ́, fóònù lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ ka òfin odò tẹ́ ẹ ń lọ. Ní Michigan ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́ńsì, ìparí oṣù kẹta lọdún ẹ̀ sì máa ń pé, àmọ́ láìsẹ́ńsì nìkan ò tó o, torí odò kan náà lè ní ibi tí wọ́n ti gbà kẹ́ ẹ mú ẹja, kẹ́ ẹ rìn sísàlẹ̀ díẹ̀ kó di èèwọ̀. Níbi tí òfin bá ti ní kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ máa dá a padà náà ni, kódà bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn òfin, ẹja wo ni? Gbogbo trout kọ́ ló yẹ kéèyàn dá padà, bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ di ẹ̀sìn yẹn. Ní Yellowstone, igbó ńlá kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dáàbò bò, cutthroat, irú trout tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, dandan ni kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀. Àmọ́ lake trout tí wọ́n rí nínú adágún Yellowstone lọ́dún 1994, tó jẹ́ pé wọ́n kó o wá síbẹ̀ ni, ó ń jẹ àwọn cutthroat yẹn, èyí tẹ́ ẹ bá sì mú nínú adágún náà, pípa ni, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣàánú ẹ̀ níbẹ̀, àwọn onílẹ̀ ló ń ṣìkà sí. Rainbow trout tí ìjọba tọ́ nínú ọgbà ẹja tí wọ́n wá lọ dà sínú adágún kékeré káwọn èèyàn lè rí nǹkan mú, jíjẹ ni wọ́n dà á síbẹ̀ fún, mo máa ń gbé méjì lọ sílé láìwẹ̀yìn.

Brown trout ínṣì 24 tí wọ́n bí sínú odò gan-an, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọdún mélòó kan ló fi sá fún ẹyẹ, fún yìnyín, fún ìwọ̀ àwa náà, kó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ abo, bó ṣe tóbi tó ni ẹyin ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá, torí brown trout fúnra ẹ̀ àjòjì bíi tèmi ni, láti Jámánì ni ẹyin ẹ̀ ti wá, ọdún 1884 ni wọ́n tú àwọn ọmọ ẹ̀ sínú omi Pere Marquette ní Michigan yìí. Ẹja onílẹ̀ tó wà ní Au Sable tẹ́lẹ̀, grayling ni, òun ni wọ́n fi sọ ìlú yẹn lórúkọ. Àwọn agégẹdú ń yí igi ńlá gba inú odò, igi yẹn ń fọ́ ibi tí ẹja ń yé sí, àwọn apẹja náà ń fà á jáde bí ẹni ń kó ẹ̀wà lóko, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1930 sí 1939 ó ti tán pátápátá ní Michigan. Orúkọ ló kù lára pátákó ìlú. Etí odò yìí kan náà ni wọ́n ti dá Trout Unlimited, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo trout àti odò wọn, sílẹ̀ lọ́dún 1959, kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ẹja ńlá ni ọbẹ̀ ńlá, ẹ gbọ́. Àwọn trout tó ń sanra nínú Lake Michigan, irú èyí tí apẹja kan, Tom Healy, mú ní odò Manistee lọ́dún 2009, tó ju pọ́ùn 41 lọ, tí kò sí brown trout tó tóbi tó o láyé nígbà náà, bí irú wọn bá ṣe ń dàgbà ni PCB, ìyẹn kẹ́míkà olóró kan, àti mẹ́kúrì ń kó jọ sí wọn lára. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Michigan máa ń gbé ìwé jáde nípa ẹja tẹ́ ẹ lè jẹ, láti inú omi wo, àti ìgbà mélòó. Ẹ kà á, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré tàbí aboyún nílé. Fún jíjẹ, kékeré ló dáa jù. Ó sì dùn jù bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa dá a padà kó má bàa kú bí tèmi. Ẹ ra tẹ̀mómítà, kò wọ́n. Tí omi bá ti tó 68 nínú ìwọ̀n Amẹ́ríkà, ìyẹn 20 ní Celsius, ẹ ká ọ̀pá yín kẹ́ ẹ máa lọlé, torí atẹ́gùn tí trout ń mí ò pọ̀ nínú omi gbígbóná, ẹja tó bá ti jà síbẹ̀ ṣòro kó yè. Ní Montana, tí odò bá gbóná jù fún ọjọ́ mélòó kan léra, wọ́n máa ń dá pípẹja dúró láti aago méjì ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́. Ẹ lo okùn tó lágbára kẹ́ ẹ lè fà á wá kíákíá, ẹni tó fi òwú tín-ín-rín bá ẹja ńlá jà fún ogún ìṣẹ́jú kó lè rí ìròyìn sọ, ẹja ló ń fẹ̀mí ẹ̀ sanwó ìròyìn yẹn. Ẹ fi pláyà tẹ ẹ̀gún tó wà lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè tètè yọ. Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì, ẹ gé okùn, ẹ fi ìwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọ̀n rọ́bà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹja wà nínú ẹ̀ nínú omi, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọmi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ohun tó ń yọ̀ lára ẹja yẹn lààbò ẹ̀, ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó o kúrò. Ẹ ṣètò fọ́tò tán kẹ́ ẹ tó gbé e sókè. Àwọn onímọ̀ méjì, Ferguson àti Tufts, ní Kánádà ṣe àyẹ̀wò kan lọ́dún 1992, wọ́n lé rainbow trout títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn tí wọn ò gbé kúrò nínú omi, 12 nínú 100 ló kú. Àwọn tí wọ́n mú kúrò lómi fún ìṣẹ́jú àáyá 30, 38. Àwọn tó lo ìṣẹ́jú kan gbáko, 72. Inú ilé ìwádìí ni o, kì í ṣe odò, àmọ́ mo ka nọ́ńbà yẹn mo rántí fóònù ọ̀rẹ́ mi. Èmi ní tèmi, mo máa ń di èémí mi tí mo bá gbé ẹja sókè, ìgbà témi bá ti fẹ́ mí, òun náà ti fẹ́ mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u sílẹ̀, ẹ kọjú ẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ẹ gbá a mú jẹ́jẹ́ títí á fi fúnra ẹ̀ já kúrò lọ́wọ́ yín.

Tó bá jẹ́ gbígbé lọ sílé lẹ pinnu, tí òfin sì gbà, ẹ má dá a lóró. Ẹ fi igi lù ú lókè orí lẹ́ẹ̀kan kó lọ, ẹ ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kẹ́jẹ̀ jáde, ẹ kó ìfun ẹ̀, ẹ gbé e sínú yìnyín. Mo ti rí ẹni tó so ẹja mọ́ okùn nínú omi láti àárọ̀, tó mú èyí tó tóbi jù ú lọ nírọ̀lẹ́, tó wá tú ti àárọ̀ sílẹ̀, ó ní òun dá a padà. Òkú ló dá padà. Ẹja tó bá sì ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó fi ń mí, níbi tẹ́ ẹ ti láṣẹ láti gbé e, ẹ gbé e lọ jẹ, ìbáà jẹ́ pé dídá padà lẹ pinnu látilé.

Ẹni tó fẹ́ gbé ẹja kọ́ ògiri, ẹ ò nílò awọ ẹ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí. Ẹ wọn gígùn ẹ̀ àti yíyíká ara ẹ̀, ẹ ya fọ́tò kan, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á fi fáíbà ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìwọ̀n yẹn náà lẹ fi máa mọ bó ṣe wúwo tó: ẹ fi yíyíká ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 800. Ẹja ínṣì 25 tó yíká ínṣì 13, pọ́ùn márùn-ún ó lé díẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣì kù. Ní Switzerland, láti ọdún 2009, òfin ò gbà kéèyàn lọ pẹja pẹ̀lú èrò pé òun máa tú u sílẹ̀, ní Jámánì náà òfin ààbò ẹranko wọn ò gbà kẹ́ ẹ dá ẹran lóró láìnídìí, ìyẹn ni pé ohun tí ìyá mi sọ ni wọ́n kọ sínú ìwé òfin. Mo wò ó pé màá fi ti Òṣogbo gbè mí lẹ́sẹ̀, mo pè wọ́n, mo ní ṣebí àwa náà ní odò tá a kì í pa ẹja ẹ̀, ṣebí Ọba Òṣogbo gan-an, A-tẹ́wọ́-gbẹja ló di Ataọ́ja, ṣé ẹja Ọ̀ṣun ni wọ́n ń jẹ ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó tẹ́wọ́ gbà á. Kò ju ìwọ̀ sí i."

Mi ò tíì rí ìyẹn náà dá lóhùn.