Gbígbin Òdòdó Déísì ní Àbújá Kí Òjò Má Baà Pa Á

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbin òdòdó déísì sí àyíká ilé ní Àbújá ni a máa ń bẹ̀rù oòrùn oṣù kẹta, tí a ó máa wá ibòji fún un, tí a ó sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ ṣọ́ ọ, inú oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni ó sábà máa ń kú, nígbà tí òjò ti rọ̀ títí tí ilẹ̀ kò rí ibi gba omi sí mọ́. Omi tó dúró sí ìdí rẹ̀ ló ń pa á, kì í ṣe òùngbẹ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè yan irú èyí tó bá ilẹ̀ wa mu, bí a ṣe ń tún ilẹ̀ ṣe dè é, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ó lè máa tanná lọ́dọọdún láìjẹ́ pé a tún lọ ra òmíràn.

Ojú ni a fi ń dá déísì mọ̀: àárín rẹ̀ rí róbótó bí bọ́tìnnì, àwọn ewé òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí i ká bí ìtànṣán. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni pé òdòdó kan ṣoṣo tí a ń rí yìí jẹ́ àkójọ òdòdó kéékèèké, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun wínníwínní tó wà ní àárín náà jẹ́ òdòdó lọ́tọ̀, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà ní etí rẹ̀ sì jẹ́ òdòdó lọ́tọ̀. Ìdílé ńlá ni. Ewúro wà nínú rẹ̀, ẹ̀bọlọ wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ti gbin ewúro sẹ́yìn ilé rí ti gbin ìbátan déísì. Àwọn kan nínú ìdílé yìí máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan, wọn a so èso, wọn a sì kú. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ nípa wọn ni èyí tí gbòǹgbò wọn máa ń wà láàyè fún ọdún méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tó wá láti ilẹ̀ òtútù. Ìwé tí wọ́n kọ fún ará Ìlú Ọba yóò ní kí ẹ dúró kí yìnyín lọ tán kí ẹ tó gbìn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni àwa fi ń ka oṣù tiwa. Déísì funfun ńlá tí wọ́n ń pè ní Shasta, tí Luther Burbank gbé jáde ní California ní 1901, rẹwà púpọ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ibi tó tutù ni ó fẹ́, ooru Àbújá kì í sì í jẹ́ kí ó gbádùn. Ẹni tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju mítà 1,000 lọ tí atẹ́gùn sì tutù, lè dán an wò. Èmi kò ní ná owó mi lé e lórí ní Kubwa.

Èyí tí mo fi ṣíwájú fún wa níhìn-ín ni gaillardia. Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ó ti wá. Òdòdó rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Kò ka oòrùn sí, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá pàápàá tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí omi kò bá ṣáà ti dúró sí ìdí rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í dàgbà púpọ̀ kó tó kú, àmọ́ ó máa ń hù fúnra rẹ̀ láti inú èso tó bá já sílẹ̀. Gerbera, tí ó wá láti Gúúsù Áfíríkà, ni ó lẹ́wà jù. Gbogbo àwọ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní tán, àfi búlúù, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ṣòro tọ́jú jù. Gazania, ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, fẹ́ oòrùn débi pé òdòdó rẹ̀ máa ń pa dé nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Wedelia ni èyí tó ń rákò lórí ilẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ kéékèèké ní àwọ̀ ìyeyè, tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà àti níwájú àwọn ilé ìtura. Kò sí ohun tó rọrùn láti gbìn tó o, ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀: wọ́n kà á mọ́ 100 ohun alààyè tó burú jù lágbàáyé nínú gbígba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ fi bíríkì sé e mọ́. Àwa náà sì ní tiwa. Yúnyún tí àwọn àgbà ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, tí àwọn tó ń sin ehoro ń já fún ẹran wọn, déísì ni, kì í sì í béèrè ìtọ́jú ju kí a máa gé e lọ. A ń fojú yẹpẹrẹ wò ó nítorí pé a kò fi owó rà á.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ilẹ̀ pupa olókùúta ni ọ̀pọ̀ ilé wa ní Kubwa, Lugbe àti Gwarimpa dúró lé. Ó máa ń le koko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń di omi mú bí abọ́ nígbà òjò. Láti mọ̀ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó fà tán, kí ẹ sì tún bu òmíràn sí i. Bí omi kejì bá fà tán láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹ lè gbin òdòdó yín síbẹ̀ tààrà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá ilẹ̀ náà jà. Ẹ to bíríkì tàbí òkúta yí ibẹ̀ ká, kí ẹ sì mọ ebè tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 sórí rẹ̀. Ohun tí mo ń pò fún ebè bẹ́ẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ilẹ̀ dúdú, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan yanrìn tó rí sákasàka, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, àmọ́ ó gbóná. Bí ẹ kò bá jẹ́ kí ó jẹrà fún oṣù mélòó kan, gbòǹgbò ni yóò jó.

Ohun kan wà tí àwọn tó kó dé ilé tuntun kì í fura sí. Bí àwọn bíríkìlà bá parí iṣẹ́, èérún sìmẹ́ǹtì àti pílásítà ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ sí ìdí ògiri, wọn a sì fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Gerbera ń fẹ́ ilẹ̀ tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, wà láàárín 5.5 sí 6.5, sìmẹ́ǹtì máa ń gbé e kọjá 7, gbòǹgbò kò sì ní lè fa èròjà irin tó wà nínú ilẹ̀ mọ́. Àmì rẹ̀ ni pé àwọn ewé tuntun á pọ́n bí ìyeyè nígbà tí iṣan inú ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré da ajílẹ̀ NPK sí i, kò sì ní yí padà. Ẹ hú u kúrò níbẹ̀, kí ẹ gbìn ín síbi tó jìnnà sí ògiri tó mítà kan, tàbí kí ẹ gbé e sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu.

Àkókò tí mo fẹ́ràn láti gbìn ni ìparí oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kẹwàá. Òjò ti ń dín kù nígbà yẹn, ilẹ̀ ṣì rọ̀, gbòǹgbò á sì ti múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn tí ẹ bá gbìn nígbà náà ni yóò fi ara rírọ̀ kojú òjò oṣù kẹjọ.

Ẹ má gbẹ́ ihò jìn ju ike tí ẹ rà á sínú rẹ̀ lọ, pàápàá fún gerbera. Ọkàn rẹ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo ewé ti ń yọ, gbọ́dọ̀ yọ sókè ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì. Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo ra mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́bàá títì. Mo rì í mọ́lẹ̀ débi ọrùn kí atẹ́gùn má baà bì í ṣubú, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí márùn-ún fi jẹrà. Nígbà tí mo padà lọ bá bàbá Haúsá tó tà á fún mi, kò jẹ́ kí n rojọ́ tán tó fi ní, “Màmá, ẹ sin ín láàyè ni.” Láti ìgbà náà, bí mo bá gbìn ín tán, mo máa ń tún un wò lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀gbàrá lè wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo ọkàn náà. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ láàárín gerbera kan àti èkejì, kí ẹ sì fi 40 sílẹ̀ fún gaillardia, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ọ̀sán gangan kò yẹ gerbera láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin. Ìlà-oòrùn ilé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, ni ó dára jù fún un. Gaillardia àti gazania lè wà nínú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe sórí ewé. Ewé tó bá sùn pẹ̀lú omi ni àrùn sábà máa ń mú. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá tutù ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó kún dáadáa ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta sàn ju ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ lọ, nítorí pé gbòǹgbò a máa tẹ̀ lé omi lọ sísàlẹ̀, inú wa tí a ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke náà a sì dùn. Ti inú ìkòkò yàtọ̀. Òun lè fẹ́ omi lójoojúmọ́. Bí ọyẹ́ bá ti fi eruku bo ewé, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Koríko gbígbẹ tí wọ́n ní kí a fi bo ìdí ọ̀gbìn máa ń pe ikán wá ní ilẹ̀ wa. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń lò dípò rẹ̀.

Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìkúnwọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà sí ìdí gerbera kọ̀ọ̀kan ní oṣù méjì méjì tó. Gaillardia kò tilẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ilẹ̀ bá lọ́ràá jù, ewé nìkan ni yóò máa fi han yín. Ohun tó ń mú òdòdó pọ̀ ju ajílẹ̀ lọ ni kí ẹ máa yọ àwọn tó ti rọ kúrò kí wọ́n tó so èso. Ti gaillardia, ẹ gé e; ti gerbera, ẹ di ọ̀pá òdòdó náà mú nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ lọ́ ọ díẹ̀, kí ẹ sì fà á yọ, nítorí pé kùkùté tó bá ṣẹ́kù máa ń jẹrà wọ inú ọkàn rẹ̀.

Nínú ọyẹ́, ẹ máa yí ẹ̀yìn ewé wò. Kòkòrò pupa wínníwínní tó ń ta okùn bí aláǹtakùn ń gbádùn eruku àti ọ̀gbẹlẹ̀. Omi tí ẹ bá fín sí ẹ̀yìn ewé ní àárọ̀ mélòó kan ló ń lé e. Fún àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké, mo máa ń gún ewé dóńgóyárò, n ó rẹ ẹ́ mọ́jú, n ó sẹ́ ẹ, n ó sì po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí n tó fín in. Ìgbín ni tòjò. Alẹ́ ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá a. Ohun tí ẹ bá fi ṣe lẹ́yìn náà kò kàn mí.

Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìdí gerbera á kún, ewé á pọ̀, òdòdó á sì dín kù. Ìgbà náà ni kí ẹ hú u, kí ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ tó mú tó sì mọ́ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọkàn tirẹ̀ àti gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ já gbogbo òdòdó àti ìdajì ewé kúrò lára wọn, kí ẹ tún wọn gbìn lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì fi wọ́n sábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí dára ju kí ẹ gbin èso rẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ gerbera tí wọ́n ń tà jẹ́ àdàlù irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èso èyí tó pupa lè hù kí ó yọ òdòdó aláwọ̀ mìíràn.