Nígbà tí Ìrìn àti Èrò Àgbà Bá ń Falẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Èkìtì

Ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa kí wọ́n máa wí pé, "Ọjọ́ orí ló dé sí Bàbá." Bàbá tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko kòkó tó sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ti wá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀, èsì á pẹ́ kó tó dé. Bó bá sì dé, ó tọ̀nà. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fa èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú láti ọdún pípẹ́, tó ti ba apá funfun inú ọpọlọ jẹ́, ló wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ogójì ọdún inú ilé gan-an ló yẹ kó ka ìwé yìí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Lábẹ́ apá ọpọlọ tó ní àwọ̀ eérú ni apá funfun wà. Fọ́nrán tí kò lóǹkà ló kún ibẹ̀, àwọn ló ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ọpọlọ. Ọ̀rá tó bo fọ́nrán náà ló mú un funfun, òun ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ yára dé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló ń bọ́ wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan wọ̀nyí á le, wọ́n á fún, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ibi tó yẹ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí iṣu wà lóko, tí oníbàárà wà lọ́jà, àmọ́ àgbàrá ti ba ọ̀nà oko jẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, ya àwòrán ọpọlọ, ibi tó bàjẹ́ á máa tàn bí àmì funfun. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 60 ọdún ló ní díẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń ṣarán. Bó bá pọ̀ tó sì so pọ̀ ni ewu ìṣubú, rọpárọsẹ̀ àti iyè rírá ń ga.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n

Ẹ wo Yèyé nídìí ààrò. Ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Iṣu ti jinná, ó ti kó díẹ̀ sódó, ó gbé ọmọ odó sókè, ó wá dúró, ó ń wo inú ìkòkò bí ẹni tó ń wá ohun tó kàn. Bí ẹ bá ní, "Yèyé, ẹ gún un," á gún un, iyán á sì kúnná. Bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún máa ṣọ́ ìrìn kúkúrú kúkúrú, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n lójijì tí kò lè mú mọ́ra, àti ọ̀rọ̀ tí kì í dùn mọ́ ọn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá arúgbó tó ń rìn kiri lóru ní àjẹ́. Bó bá tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó dẹ́rù bani, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó nílò ìtọ́jú ni. Ẹni tó bá lù ú tàbí tó dè é mọ́lẹ̀ ti ṣe é léṣe.

Kì í ṣe ogún àgbà

Ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àwọn dókítà tẹ̀lé àwọn àgbà Yorùbá fún ọdún púpọ̀. Àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé àwọn tí àrùn iyè rírá ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú níbẹ̀ lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Torí náà, kò sí nínú kádàrá wa pé gbogbo àgbà ni yóò ṣarán.

Ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ní ilé ìlera tó sún mọ́ yín, kódà bí ara bá le. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ rí dókítà. Ìwádìí SPRINT MIND ti Amẹ́ríkà, lọ́dún 2019, rí i pé àmì funfun inú ọpọlọ kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí wọ́n fẹ́ mú nọ́ńbà òkè wọn (èyí tó ṣáájú, bí 140 nínú 140/90) wá sí abẹ́ 120, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fẹ́ mú tiwọn wá sí abẹ́ 140. Dókítà ni yóò sọ iye tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu, pàápàá àgbà tí òòyì máa ń kọ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí èèyàn lo oògùn fún oṣù kan, kó ní ara òun ti yá, kó sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ojoojúmọ́ ni oògùn rẹ̀.

Iyán kọ́ ni ọ̀tá. Iyọ̀ àti máàgì inú ọbẹ̀ ni kí ẹ dín kù. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sóko tí kò jìnnà dípò ọ̀kadà.

Bó bá ti dé

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa ní kí wọ́n ṣe. Ẹ tan iná sí ọ̀nà ilé ìtọ̀ lálẹ́, ẹ sì kó ohun tó lè gbé wọn ṣubú kúrò nílẹ̀. Kí ẹ tó mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó tàbí Adó, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú àpò kan, pẹ̀lú àgbo inú ìgò. Piriton àti Valium tí a ń rà ní kẹ́mísìtì lè da orí àgbà rú. Bí orí wọn bá sì dàrú lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú tí wọ́n forí gbálẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.