Bí ìlà ọ̀nà Òkè Ìdànrè ṣe dé fóònù ẹ̀gbọ́n mi

Ọjọ́ méjì ni mo fi bá a jà. Mo fa ìlà ọ̀nà tí a máa gbà gun Òkè Ìdànrè sórí máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn nínú bíráúsà, mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Òkè nìkan ni wọ́n rí. Mo tún un fà, pàbó ni. Àṣé inú bíráúsà tèmi nìkan ni ìlà náà wà!

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: mo tẹ Export, mo yan GPX, ìyẹn irú fáìlì tó ń gbé ìlà ọ̀nà, mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi Document. Wọ́n fi OsmAnd, áàpù máàpù orí fóònù, ṣí i. Ìlà náà yọ kedere, láti ìdí àtẹ̀gùn dé ìlú àtijọ́ lókè. Inú mi dùn gan-an. Lórí máàpù mìíràn, ó lè jẹ́ Download lẹ máa rí.