Ọmọ tàsé bọ́ọ̀lù: kí lo máa sọ?

Ní pápá wa ní Ṣágámù, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síni, mi ò kì í kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ tuntun. Ri páìpù omi mọ́ inú gálọ́ọ̀nù oníyanrìn, kó ga dé ìbàdí ọmọ, gbé bọ́ọ̀lù lé e, kó máa gbá a. Akoto lórí, kí àwọn yòókù jìnnà sí igi.

Ẹnu wa ni iṣẹ́ wà. Tẹ́lẹ̀, èmi náà a máa pariwo, "Ṣé o fọ́jú ni?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wá ń dijú pinpin kí bọ́ọ̀lù tó dé. Èmi ló ń bẹ̀rù, kì í ṣe bọ́ọ̀lù!

Ní báyìí, bó bá tàsé, màá wá ohun tó ṣe dáadáa: "Ẹsẹ̀ ẹ dúró re! Ó ku ojú, tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù." Má kàn sọ pé "o káre", ọmọdé mọ ìyìn tí kò nídìí. Àtúnṣe kan ṣoṣo ló tó lẹ́ẹ̀kan.

Mo máa ń sọ fún wọn pé Ted Williams, ògbóǹtarìgì agbábésíbọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, gbá .406 lọ́dún 1941: ìyẹn ni pé nínú ìgbà mẹ́wàá, bíi mẹ́rin ló yọrí sí rere, bíi mẹ́fà ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí apá bá ti wúwo, ẹ dáwọ́ dúró. Gààrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù ló kù.