Bí ẹ ṣe lè fi bátìrì tó ṣeé ṣájì gbé bọ́ọ̀dù ESP32

Mo gbé bọ́ọ̀dù ESP32 kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Wi-Fi, sínú ilé òròmọdìyẹ mi ní Mọ́níyà, kó máa wo bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Ìgbà tí iná bá lọ, tí gílóòbù tó ń mú wọn móoru bá kú, ìgbà náà gan-an ni bọ́ọ̀dù náà ń kú.

Ẹ wá bátìrì lítíọ́ọ̀mù 18650: mìlímítà 18 ní ìbú, 65 ní gígùn. Ó máa ń wà nínú bátìrì láàptọ́ọ̀pù àlòkù. Ẹ bi àwọn tó ń tún láàptọ́ọ̀pù ṣe ní Dùgbẹ̀. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí kò bá tó fóltì 2, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ ra ilé bátìrì pẹ̀lú, ẹ má jó wáyà mọ́ bátìrì lára, ooru ń bà á jẹ́.

Ṣájà TP4056 ló kàn. Èyí tó ní OUT+ àti OUT- ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó ní B+ àti B- nìkan kì í dá bátìrì dúró kó má gbẹ kanlẹ̀. Bátìrì sí B, ohun tí yóò gbé sí OUT.

Ibi tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà rèé. Bátìrì tó kún jẹ́ fóltì 4.2, á wá sí 3.7, á sọ̀ dé 3. ESP32 ń fẹ́ 3.3, ṣùgbọ́n AMS1117, ègé kékeré tó ń dín fóltì kù sí 3.3 lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, máa ń jẹ bíi fóltì kan nínú ohun tó bá wọlé. 3.7 á di 2.7, Wi-Fi ò ní gbéra. MT3608, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń gbé fóltì sókè, la ó fi gbé e dé 5.

Ẹ so MT3608 mọ́ OUT, ẹ fi mítà sí ibi tí iná ti ń jáde, kẹ́ ẹ máa yí súkúrù orí rẹ̀ títí mítà á fi ka 5. Ẹ lè yí i lọ́pọ̀ ìgbà kó tó mira. Ẹ ò tíì so ESP32 o! Èmi sáré so tèmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó lé ní fóltì 20 ló wọlé, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá.

Tó bá ti ka 5, ẹ so VOUT+ MT3608 mọ́ ihò VIN tàbí 5V lára ESP32, VOUT- mọ́ GND. Ihò 3V3 kọ́ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì.

Bátìrì 2500 mAh ń gbé tèmi fún bíi wákàtí 15. Mo fẹ́ fi ṣájà sílẹ̀ lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àmọ́ TP4056 kì í gbà pé bátìrì ti kún àfi tí iná tó ń wọlé bá sọ̀ dé bíi 100 mA, bọ́ọ̀dù yìí sì ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni mo bá ra bátìrì méjì àti TP4056 méjì, mo ń pààrọ̀ bátìrì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí mo bá lọ fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ. Tí OUT ò bá mú nǹkan wá lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ ki okùn ṣájà fóònù bọ TP4056 díẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ́, á jí.